Bí Oníbàárà Bá Padà Wá Pẹ̀lú Ìka Wíwú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ èékánná ni, èékánná àtọwọ́dá tí àwọn arábìnrin wa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ nígbà ìgbéyàwó, nígbà ọjọ́ ìbí àti nígbà ọdún. A mọ̀ pé bí àwọn àgbà ìjọ kan bá kà á dé ibí yìí, wọn yóò bèèrè pé, "Ṣé ó ti wá kù sí ẹnu Pásítọ̀ láti máa sọ ọ̀rọ̀ èékánná?"

Ó ti pẹ́ tí àríyànjiyàn ti wà nínú ìjọ lórí bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́ kí obìnrin onígbàgbọ́ lẹ èékánná. A kò ní yanjú rẹ̀ lónìí. Ohun tí ó kàn wá ni pé àwọn ọmọ ìjọ wa kan ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, àwọn mìíràn sì ń na ọwọ́ wọn fún wọn pé kí wọ́n bá àwọn ṣe é. Bí ọwọ́ náà bá wá wú, ta ni yóò sọ òtítọ́? Ẹjọ́ tí a fẹ́ rò fún yín yìí, àwa fúnra wa jẹ̀bi nínú rẹ̀.

ÀDÚRÀ TÍ A GBÀ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2023, arábìnrin kan nínú ìjọ wa wá bá wa ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú. Iṣẹ́ èékánná ni ó ń ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, àwọn ọmọbìnrin méjì sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí o. Oníbàárà mi kan fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó ní èékánná tí mo ṣe fún òun ni ó mú kí ọwọ́ òun wú. Ó wá pariwo lé mi lórí níwájú àwọn ènìyàn. Bàbá, àwọn tí mo ti ṣe fún ju igba lọ, kò ṣe ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀tá ni wọ́n rán sí mi. Ẹ bá mi gbàdúrà."

Ẹ̀yin ará, a kò bèèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀. A kò bèèrè bí ìka náà ti rí. A kò bèèrè ohun tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà. A dìde, a gbé ọwọ́ lé e lórí, a sì fi àdúrà gbígbóná de gbogbo ahọ́n tí ó dìde sí iṣẹ́ rẹ̀. A pàṣẹ pé kí ẹnu náà pa mọ́. Arábìnrin náà ṣe Àmín títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó nu ojú rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀dọ́bìnrin kan àti ìyá rẹ̀ fi wọlé tọ̀ wá. Wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Aránṣọ ni ọ̀dọ́bìnrin náà. Ó tú aṣọ tí ó fi wé ọwọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí kò wú nínú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Awọ etí èékánná rẹ̀ ti bó, ó ń ṣomi. Èékánná méjì ti ń ṣí kúrò lórí ẹran. Ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá wú. Ó ní nítorí ìgbéyàwó àbúrò òun ni òun ṣe lẹ èékánná, pé ní ọjọ́ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún òun, àti pé láti ìgbà náà òun kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Aṣọ Kérésìmesì àwọn ènìyàn tí ó ti gba owó lọ́wọ́ wọn sì wà nílẹ̀ láìrán. Ó wá wo ojú wa, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, wọ́n ní ẹ ti gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé èmi ni ọ̀tá tí ẹ gbàdúrà lé lórí?"

A kò rí èsì fọ̀. Láti ìgbà tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ni a ti ń wàásù, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà kò sí ẹsẹ̀ kan tí ó wá sí wa ní ètè. Ìyá rẹ̀ kò bú wa. Ohun tí ó sọ kò ju pé, "Pásítọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni ọmọ mi ń jẹ o." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju èébú lọ.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ FI YÉ WA

Ìyàwó wa ni ó sọ pé kí a má ṣe jókòó ti ẹ̀bi, kí a dìde. Ní ọjọ́ kejì, a mú ọ̀dọ́bìnrin náà lọ sí ilé-ìwòsàn tí dókítà awọ ara wà. A bẹ arábìnrin wa pé kí ó bá wa lọ, kí ó sì kó gbogbo ìgò àti ike tí ó lò dání. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní bí òun bá lọ, àwọn ènìyàn yóò sọ pé òun ti gbà pé òun jẹ̀bi. A sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ẹni tí ó gbé ìgò jáde kò tíì jẹ̀bi. Ẹni tí ó fi ìgò pamọ́ ni a ó fura sí." Ó tẹ̀lé wa.

Dókítà náà fi sùúrù là wá lọ́yẹ̀. Ó ní oríṣi mẹ́ta ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú èékánná àtọwọ́dá. Èkínní ni èyí tí wọ́n ń fi gúlù lẹ̀. Èkejì ni acrylic, èyí tí wọ́n ń po páúdà rẹ̀ mọ́ oògùn olómi. Ẹ̀kẹta ni jẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ iná títí yóò fi le. Nínú acrylic àti jẹ́ẹ̀lì, àwọn èròjà kan wà tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ methacrylate. Nígbà tí wọ́n bá ṣì jẹ́ omi tàbí tí wọ́n ṣì rọ̀, wọ́n lè wọnú awọ ara. Bí wọ́n bá ti le tán pátápátá, ewu wọn dín kù púpọ̀. Nítorí náà, ibi tí wàhálà ti sábà ń wá ni èyí tí ó ṣàn sí awọ etí èékánná, èyí tí kò le tán nítorí pé iná àti jẹ́ẹ̀lì náà kò bá ara wọn mu tàbí pé wọ́n tètè yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ iná, àti eruku tí ó ń fò nígbà tí wọ́n bá ń fi fáìlì rẹ́ ẹ. Gúlù náà ní èròjà tirẹ̀, òun pẹ̀lú sì lè bá awọ ara ẹlòmíràn jà.

Ó ní ọ̀nà méjì ni ó máa ń gbà ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé oògùn náà kàn ta awọ ara ni. Èyí máa ń tètè hàn, kì í sì í sábà kọjá ojú ibi tí oògùn kàn. Ó sì lè jẹ́ pé ara ẹni náà kọ èròjà náà. Èyí kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀; ó lè gba ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè hàn ní ìpéǹpéjú, ní ojú àti ní ọrùn, nítorí pé ọwọ́ ni a fi ń kan gbogbo ibẹ̀. Ènìyàn lè ti máa lo nǹkan náà fún oṣù tàbí fún ọdún láìsí wàhálà, kí ara rẹ̀ wá kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan. Bí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà gbà á mọ́ títí ayé. Àyẹ̀wò kan wà tí àwọn dókítà awọ ara fi ń mọ̀ ọ́n dájú: wọn a lẹ èròjà díẹ̀díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni náà, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, wọn a sì wo bí awọ ara ti rí.

Ẹ wá rí i pé "àwọn tí mo ti ṣe fún ju igba lọ, kò ṣe ẹnikẹ́ni rí" kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Igba ènìyàn lè lò ó kí ó má ṣe wọ́n ní nǹkan kan, kí ti ẹnìkan ṣoṣo sì jẹ́ òótọ́.

Dókítà náà tún sọ ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu. Àwọn èròjà tí ó jẹ́ ìbátan methacrylate inú èékánná ni àwọn oníṣègùn fi ń dí ihò eyín, àwọn náà ni wọ́n fi ń mú orúnkún tàbí ìbàdí àtọwọ́dá dúró mọ́ egungun. Àní wọ́n ń sọ pé oníṣègùn eyín kan ní Amẹ́ríkà, Fred Slack, ni ó kọ́kọ́ fi èròjà eyín tún èékánná rẹ̀ tí ó dá ṣe ní ọdún 1954. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ èékánná àtọwọ́dá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún oníṣègùn eyín àti fún dókítà tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ.

Bí dókítà ti parí pẹ̀lú aránṣọ, ó yíjú sí arábìnrin wa. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín." Láti àárọ̀ ni ó ti kó ọwọ́ sábẹ́ ìborùn, kò sì sí ẹni tí ó fiyè sí i. Nígbà tí ó kó wọn jáde, orí àwọn ìka rẹ̀ ti sán, awọ rẹ̀ ń bó. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta. Òun rò pé ọṣẹ ìfọṣọ ni. Dókítà mi orí. Ó ní àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí pàápàá wà nínú ewu, nítorí pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ kàn án. Arábìnrin wa bú sẹ́kún. Ẹni tí ó pè ní ọ̀tá ni Ọlọ́run fi mú un dé iwájú dókítà.

ÀRÒYÉ KÌ Í ṢE ÌKỌLÙ

Nígbà tí a padà délé, a ṣí Bíbélì wa sí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6. A ti wàásù nínú orí náà láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n lórí yíyan àwọn díákónì ni a máa ń wàásù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a rí i pé àròyé ni ó bí gbogbo rẹ̀. Àwọn opó kan kò rí oúnjẹ gbà bí ó ti yẹ, àwọn ènìyàn wọn sì kùn. Àwọn Àpọ́sítélì kò de ẹnu wọn. Wọn kò sọ pé ọ̀tá ni ó rán wọn wá. Wọ́n pe ìjọ jọ, wọ́n wá ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí wọn sí rere, wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì gbilẹ̀ sí i.

A tún ka Númérì 27, níbi tí àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì ti gbé ẹ̀dùn wọn tọ Mósè lọ. Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún Mósè pé ohun tí wọ́n wí tọ́. A ka Ẹ́kísódù 21, ẹsẹ 33 àti 34, nípa ẹni tí ó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó, tí ẹran ẹlòmíràn sì kó sí i. Òfin kò bi í bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀. Ó ní kí ó san án.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn. A fi oògùn tí ó ń ba ìka ènìyàn méjì jẹ́ sílẹ̀, a ń lé ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o. Àdúrà dára, a kò sì ní yé gbà á. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àdúrà di ìbòjú tí a fi ń sá fún ìbéèrè.

Ayé pàápàá ti jẹ àǹfààní àròyé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí FDA, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, pé èékánná tí wọ́n fi methyl methacrylate ṣe ń ba ọwọ́ àwọn jẹ́. Àjọ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, a sì kó àwọn ọjà tí ó jẹ́ kìkì èròjà náà kúrò lórí àtẹ. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún ará ìlú nípa methacrylate inú èékánná àtọwọ́dá. Ní ọdún 2020, àwọn orílẹ̀-èdè European Union ṣe òfin pé kí ọjà èékánná tí ó bá ní èyí tí a ń pè ní HEMA nínú jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ nìkan, kí a sì kọ ìkìlọ̀ sí i lára pé ó lè bá ara jà. Bí gbogbo àwọn tí ọwọ́ wọn wú bá ti dákẹ́, ta ni ìbá mọ̀?

OHUN TÍ A Ń SỌ FÚN ÀWỌN ONÍṢẸ́ Ọwọ́ WA

Láti ìgbà náà, a ti jókòó pẹ̀lú àwọn arábìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ èékánná, irun àti ojú nínú ìjọ wa. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí:

1. Gbọ́ tán kí o tó fèsì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Mú oníbàárà náà jókòó níbi tí kò sí èrò, kí o sì sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín." "Ẹ pẹ̀lẹ́" kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi; ìwà ọmọlúàbí ni.

2. Má ṣe sọ ohun tí o kò mọ̀. Má sọ pé oúnjẹ tí ó jẹ ni. Má sì sọ pé o mọ̀ pé báyìí báyìí ni. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn.

3. Má ṣe fi òmíràn bò ó mọ́lẹ̀, má sì fi agbára ṣí èékánná náà. Bí awọ bá ti bó tàbí tí ó ń ṣomi, jẹ́ kí àwọn elétò ìlera sọ bí wọn yóò ti yọ ọ́. Má ṣe fún un ní ìpara tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. Ó lè bo ojú ọgbẹ́ nígbà tí wàhálà ṣì wà nísàlẹ̀.

4. Rán an lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ó bá ń ṣọyún, bí ibà bá ń ṣe é, tàbí bí ojú rẹ̀ bá wú, kí ó má ṣe di ọ̀la. Bí kò bá lè mí dáadáa, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

5. Kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé: ọjọ́ tí o ṣe é, orúkọ ọjà àti nọ́ńbà ara rẹ̀, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Fún dókítà ní orúkọ ọjà náà. Wò ó bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, kí o sì fi ọ̀rọ̀ náà tó NAFDAC létí. Ọjà tí kò ní orúkọ lára, má rà á.

6. Ṣe àtúnṣe. Dá owó rẹ̀ padà, kí o sì ràn án lọ́wọ́ dé ibi tí agbára rẹ bá mọ. Má ṣe fi owó ra ẹnu rẹ̀ pé kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

7. Tún iṣẹ́ rẹ yẹ̀ wò. Bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà kí o tó bẹ̀rẹ̀ bóyá ó ti bá a jà rí. Má jẹ́ kí oògùn kan awọ ara. Iná tí wọ́n ṣe fún jẹ́ẹ̀lì náà ni kí o lò, kí àkókò rẹ̀ sì pé. Ṣí fèrèsé, lo ìbòmú nítorí eruku, wọ ìbọ̀wọ́ nitrile, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, nítorí pé methacrylate kì í pẹ́ la ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ̀yin náà, ẹ tètè padà lọ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ láìsí èébú. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ gbé e káàkiri ọjà. Ẹni tí ẹ kò bá sọ fún kò lè tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

BÍ Ó TI PARÍ

Arábìnrin wa lọ sí ilé ìyá aránṣọ náà, àwa àti ìyàwó wa tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó dá 8,000 náírà owó èékánná padà, ó sì san owó oògùn. Àwa náà dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn wa, a sì fi ẹnu wa sọ pé a ṣẹ̀ wọ́n. Àwọn aránṣọ mẹ́ta nínú ìjọ kó aṣọ mọ́kànlá tí ó wà nílẹ̀, wọ́n sì rán wọn kí Kérésìmesì tó dé láìgba kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ ọdún 2024, a dúró lórí pẹpẹ, a sì sọ fún ìjọ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, pé a gba àdúrà kan tí kò yẹ kí a gbà.

A kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Ìwúlé náà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí èékánná ọ̀dọ́bìnrin náà tó hù tán. Kò wá sí ìjọ wa, ṣùgbọ́n bí a bá pàdé, ó máa ń kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Arábìnrin wa kò lè ṣe iṣẹ́ èékánná mọ́. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Irun ni ó ń dì báyìí nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Owó tí ó ń wọlé fún un kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti san, ó sì ń nà án sókè láìfi pamọ́ nígbà ìyìn.

Ní tiwa, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé ẹnìkan fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́, kí a tó gbé ọwọ́ lé e lórí, ìbéèrè kan wà tí a máa ń kọ́kọ́ bi í: "Ṣé o ti wo ibi tí ó ń dùn ún?"

Kí Olúwa kí ó fún wa ní etí tí ń gbọ́ àti ọwọ́ tí ń ṣe àtúnṣe. Kí ó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí iṣẹ́ ọwọ́ wa má sì di ẹkún fún ẹlòmíràn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.